Orí Kẹrin: Fítámínì, àgbo àti ara tí kò ní G6PD tó

Bí ẹ bá bi ọ̀dọ́ Yorùbá tó fẹ́ gbéyàwó nípa irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kíá ni yóò dá yín lóhùn: AA ni mí, AS ni mí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kò ní so lọ́kọláya pọ̀ láìrí ìwé àyẹ̀wò náà, àwọn mọ́ṣáláṣí náà sì ti ń béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá béèrè pé, G6PD rẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ni kò ní mọ ohun tí ẹ ń sọ. Bẹ́ẹ̀, bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ọkùnrin Yorùbá jọ, bí ogún nínú wọn, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀, ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní G6PD tó. Iye yìí kò jìnnà sí iye àwọn AS. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yóò dàgbà, wọn yóò bímọ, wọn yóò darúgbó láìmọ̀ pé nǹkan kan wà. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ fún wọn ni àìsàn tó bá kọlù wọ́n, tàbí ohun tó bá ti ìta wọ ara wọn. Lóde òní, púpọ̀ nínú ohun tó ń ti ìta wọlé yìí ló ń wá nínú ìgò tí wọ́n kọ ìlera sí lára.

Àwọn ni mo kọ orí yìí fún, àti òbí tí wọ́n ti sọ fún ní ọsibítù pé ọmọ rẹ̀ ní àìtó G6PD, tí wọ́n fi ìwé kékeré kan lé e lọ́wọ́, tí wọn kò sì jókòó ṣàlàyé. Ìpín kan tún wà nísàlẹ̀ fún àwọn tí àìsàn àjogúnbá mìíràn tó ṣọ̀wọ́n ju èyí lọ ń bá jà, nítorí ohun tí kò ṣe ẹni tó ní àìtó G6PD ní nǹkan lè pa àwọn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀

G6PD jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn èròjà tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ láti fi yí ohun kan padà di òmíràn. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, iṣẹ́ ọlọ́dẹ àdúgbò ló ń ṣe. Nígbàkígbà tí èròjà tó lè ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ bá yọjú, òun ló ń pèsè ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò fi lé e. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù lára ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní ju ọlọ́dẹ kan ṣoṣo yìí lọ. Nínú irú àìtó tó wọ́pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọlọ́dẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ṣì jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń tán bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gbó. Sẹ́ẹ̀lì pupa sì ń lo bí 120 ọjọ́ kí ara tó pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí ohun líle bá wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó ló kọ́kọ́ ń fọ́.

Bí wọ́n bá fọ́, ohun pupa inú wọn yóò tú sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín yóò sẹ́ ẹ jáde, ìtọ̀ yóò sì dúdú bí Coca-Cola. Ẹyinjú yóò pọ́n rúsúrúsú. Ara yóò rẹ ẹni náà, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, ẹ̀yìn lè máa ro ó. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ohun náà wọ ara ló sábà ń hàn, èyí sì ni kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn so ó pọ̀ mọ́ ohun tó fà á. Ẹni tó gba dírípù ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú lọ́jọ́ Àìkú, ibà ni yóò pè é.

Ọdún 1956 ni Carson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìdí rẹ̀ jáde, nígbà tí wọ́n ń wádìí ohun tó mú kí primaquine, tí í ṣe oògùn ibà, máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan tí kò sì ṣe àwọn mìíràn ní nǹkan kan. Ìdí tó fi pọ̀ láàárín wa, Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Ní 1969, Luzzatto, Usanga àti Reddy ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ní irú sẹ́ẹ̀lì méjèèjì pọ̀, èyí tó ní G6PD tó àti èyí tí kò ní tó. Wọ́n rí i pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní i tó ju àwọn tí kò ní i tó lọ. Ààbò kúrò lọ́wọ́ ibà ni àwọn baba ńlá wa fi ra àìtó yìí. Mo ń sọ èyí nítorí pé mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pè é ní ègún ìdílé. Kì í ṣe ègún rárá.

Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀. Baba tó ní i yóò gbé e fún gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀, kò sì lè gbé e fún ọmọkùnrin rẹ̀ kankan. Nítorí náà, ọkọ tó ń bínú sí ìyàwó rẹ̀ nítorí pé ọmọkùnrin wọn ní i, kí ó rántí pé bàbá ìyàwó náà tàbí ìyá rẹ̀ ló gbé e fún un, àwọn náà kò sì mọ̀. Obìnrin lè ní i pẹ̀lú, àwọn kan a sì ní i díẹ̀díẹ̀, débi pé àyẹ̀wò kékeré kì í rí i.

Fítámínì C: ìwọ̀n, àti ọ̀nà tó gbà wọ ara

Ìbéèrè tí àwọn òbí ń béèrè jù nìyí: ṣé ọmọ mi lè lo fítámínì C? Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè lò ó. Ọsàn kò ṣe é ní nǹkan kan, àgbálùmọ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan, fítámínì C onímílígíráàmù 100 tí a mọ̀ láti kékeré kì í fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àìtó G6PD. Mo fẹ́ kí èyí yé yín kedere kí n tó sọ èyí tó kàn, nítorí àwọn ìyá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí gba èso lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ tí wọ́n fi èso dù sì ń jìyà lásán.

Ewu wà nínú ìwọ̀n ńlá. Ohun tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 75 sí 90 lọ. Ní 1975, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ẹni ọdún 68, tí iná jó. Wọ́n fa fítámínì C gíráàmù 80 sí i lára nínú iṣan ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Gíráàmù 80 jẹ́ mílígíráàmù 80,000. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fọ́, kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú. Kò ní G6PD tó. Láti ìgbà náà, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn tún ti sọ nípa àwọn tó gbé gíráàmù mélòó kan mì lẹ́nu lójoojúmọ́, tí ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà fọ́.

Kí ló wá kan ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn? Ó kàn án gan-an. Ẹ wo àwọn ibi tí wọ́n ti ń fa dírípù sí ènìyàn lára kí àwọ̀ lè mọ́, kí agbára lè padà, kí ìrẹ̀wẹ̀sì ọtí àná lè lọ. Fítámínì C ìwọ̀n ńlá àti glutathione ni wọ́n sábà ń pò pọ̀ sínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ti àwọ̀. Wọ́n á ní fítámínì lásán ni. Bóyá ni ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ náà mọ G6PD, bóyá ni yóò sì béèrè. Ohun tí ènìyàn gbé mì, ìfun kì í gba gbogbo rẹ̀ wọlé bó bá ti pọ̀ jù. Èyí tó kù yóò gba inú ìgbẹ́ jáde. Ohun tí wọ́n fà sínú iṣan kò ní ẹnubodè kankan. Mo sọ ọ́ láìfi bò: ẹni tí kò tíì mọ ipò G6PD rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa fítámínì C sí òun lára, ẹni tó sì mọ̀ pé òun kò ní i tó kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Kò sí àwọ̀ tó tó ẹ̀jẹ̀.

Ti kóró ńlá onímílígíráàmù 1,000, èyí tó ń hó nínú omi, tí wọ́n ń tà káàkiri, èmi kò rí ìdí tí ẹni tó ní àìtó G6PD fi ní láti máa lò ó lójoojúmọ́. Tí ọ̀fìnkìn bá mú yín, kóró kan kò ní pa yín. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń lo méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, wọ́n tún ń mu oògùn olómi tí fítámínì C wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó sọ pé ó kéré.

Àwọn tó yẹ kí ẹ dá mọ̀ lórúkọ

Methylene blue ni mo fi ṣáájú. Oògùn aláwọ̀ búlúù ni. Àwọn dókítà máa ń lò ó fún ìṣòro ẹ̀jẹ̀ kan pàtó, ṣùgbọ́n ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ti di ohun tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń jẹ́ kí ọpọlọ jí pépé, kí ara má tètè gbó. Ẹni tí kò ní G6PD tó kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní tàbí-ṣùgbọ́n nínú. Ó wà lára àwọn tí gbogbo ìwé ìṣègùn fi ohùn kan kọ̀. Bí mọ̀lẹ́bí yín ní Houston tàbí London bá fi ìgò kékeré kan ránṣẹ́ tí omi inú rẹ̀ búlúù gan-an, ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀ ná.

Fítámínì K ń da ọ̀pọ̀ òbí lójú rú. Abẹ́rẹ́ fítámínì K tí wọ́n ń gún fún ọmọ tuntun kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya sí i lọ́pọlọ, K1 ni, kò sì léwu fún ọmọ tó ní àìtó G6PD. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un. Èyí tó léwu ni menadione, tí àwọn mìíràn ń pè ní K3. Ó máa ń wà nínú oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, ó sì lè wọ inú àpòpọ̀ tí wọn kò ṣe dáadáa. Bí ẹ bá rí orúkọ yẹn lára ìgò, ẹ dá a padà.

Làálì kì í ṣe ohun mímu, ṣùgbọ́n mo fi kún un nítorí pé awọ ọmọ ọwọ́ ń fà á wọlé. Ìròyìn wà láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè nípa ọmọ tí wọ́n fi làálì kùn lára, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì fọ́. Kánfọ̀ funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ tún burú jù ú lọ. Òórùn rẹ̀ nìkan tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun. Aṣọ ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò, tí ẹ kó pamọ́ pẹ̀lú kánfọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí oòrùn, ẹ tún un fọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún un. Nínú ilé tí ọmọ yẹn ń gbé, ẹ kó kánfọ̀ dànù pátápátá.

Àwọn kan ti ka ìwé òyìnbó pé kí ẹni tó ní àìtó G6PD má jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀wà tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ẹ̀wà ńlá kan ni, èyí tí wọ́n ń gbìn yí òkun Mẹditaréníà ká àti ní Íjíbítì, tí èròjà tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wà olóyin, ẹ̀wà funfun, mọ́ínmọ́ín àti àkàrà kò sí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé nílẹ̀ òkèèrè, tó rí ìyẹ̀fun purotéènì tí wọ́n kọ sí lára pé fava ni wọ́n fi ṣe é, kí ó fi í sílẹ̀ lórí pẹpẹ tó wà.

Àgbo

Mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé gbogbo àgbo burú. Ewé ló bí ọ̀pọ̀ oògùn tí dókítà ń kọ. Ìṣòro tí ẹni tó ní àìtó G6PD ní pẹ̀lú àgbo ni pé kò sí bó ṣe lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó. Ewé kan náà tí ìyá alágbo sè lánàá lè lágbára ju ti òní lọ, egbòogi mìíràn lè ti wọ inú ìkòkò, àwọn kan sì ti ń lọ kóró oògùn òyìnbó sínú ìyẹ̀fun kí ó lè tètè ṣiṣẹ́. Oògùn òyìnbó tí wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, nítorí ó lè jẹ́ irú èyí tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ gan-an.

Nọ́ńbà NAFDAC dára, ẹ máa wá a. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ tí àjọ náà fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń wò wò. Ní Amẹ́ríkà náà, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin kan ní 1994, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àfikún oúnjẹ kò nílò kí ìjọba kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ṣiṣẹ́ tàbí pé kò léwu kí wọ́n tó gbé e wá sọ́jà. Nítorí náà, pé ó ti òkè òkun wá kò fi í mọ́ ju èyí tí wọ́n pò ní Mushin lọ.

Ti ọmọ tuntun ni kí ẹ fi etí sí jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ojú ọmọ bá ń pọ́n, àwọn àgbà ilé á ní kí a fún un ní omi ewé ìbẹ́pẹ, kí a fún un ní omi glucose, kí a gbé e sí oòrùn àárọ̀. Nínú ọmọ tó ní àìtó G6PD, ohun tó ń pọ́n ojú náà lè pọ̀ kíákíá, kí ó sì wọ ọpọlọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ọmọ tó bá yè é lè di adití, tàbí kí ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ má gbọ́ràn sí i lẹ́nu títí ayé. Iná búlúù tó wà ní ọsibítù ló ń tú u, bó bá sì ti pọ̀ jù, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Oòrùn ojú fèrèsé kò tó. Ìyá ọkọ tó ní kí ẹ dúró di ọ̀la, ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, ẹ ní, "Mà á, ẹ jẹ́ ká lọ kí wọ́n wò ó, ká sì padà wálé," kí ẹ sì gbé ọmọ lọ.

Àwọn àìsàn àjogúnbá mìíràn

Kì í ṣe gbogbo àìsàn ẹ́ńsáìmù ló ń fọ́ ẹ̀jẹ̀. Ní àwọn kan, oúnjẹ tí ara kò lè pín ló ń di májèlé. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti sábà ń rí wọn láàárín àwọn ènìyàn wa, nítorí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gún gìgísẹ̀ ọmọ tuntun gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ní Britain, ọjọ́ karùn-ún ni. Ní Nàìjíríà, kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ẹ má rò pé àyẹ̀wò gìgísẹ̀ ti Britain yẹn kan G6PD o, kò sí lára rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti OTC. Ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀dọ̀ ni, òun ló ń bá ara kó amóníà tó ń ti inú purotéènì jáde dànù. Ẹni tí kò ní i tó lè máa gbé ilé ayé lọ láìmọ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ràn ẹran, títí ọjọ́ tó bá mu purotéènì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ní ìwọ̀-oòrùn London, ọmọkùnrin ọdún 16 kan mu ohun mímu purotéènì tí wọ́n rà fún un kí iṣan rẹ̀ lè tóbi. Ara rẹ̀ yí padà, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Wọn kò ṣe àyẹ̀wò amóníà fún un ní ọsibítù, àyẹ̀wò tí kò wọ́n tó lè fi ohun tó ń ṣe é hàn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé OTC ni. Ní 2023, adájọ́ tó wádìí ikú náà sọ pé ó yẹ kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára irú ohun mímu bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé irin nílé eré ìdárayá ní Lẹ́kìí àti Bódìjà ń fi ṣíbí ńlá bu irú ìyẹ̀fun yìí lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan nínú ìdílé bá ti kú lọ́mọdé tí wọn kò mọ ohun tó pa á, pàápàá ọmọkùnrin tó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, tàbí bí ọ̀dọ́ kan bá jẹ́ ẹni tí ẹran máa ń mú kí orí fọ́ tàbí kí èébì gbé e, kí ó má fi ọwọ́ kan ìyẹ̀fun náà títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹni tó mu ún bá ń sọ̀sọkúsọ, tó ń bì, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ sọ fún dókítà pé kí ó yẹ amóníà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ sọ gbólóhùn yẹn gan-an.

Ẹni tó ní MCADD kò lè fi ọ̀rá kan ṣe agbára. Ebi ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà ààwẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ì báà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí Rámàdáánì, tíì tó ń fọ ọ̀rá kì í ṣe tirẹ̀. Òróró MCT tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń wá bí wọn yóò ṣe fọn ni ọ̀rá náà gan-an tí ara rẹ̀ kò lè lò.

Fún PKU, tí Følling rí ní Norway ní 1934, ewu wà ní ibi tí ènìyàn kò ní wò: àwọn fítámínì ọmọdé tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu bí súìtì. Wọ́n máa ń fi aspartame mú wọn dùn, èròjà tí ara ẹni tó ní PKU kò lè pín sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wá orúkọ náà, phenylalanine, lára ìgò. Ìyẹ̀fun purotéènì lásán náà kò yẹ fún un. Ti àkànṣe tí ọsibítù ń kọ ni tirẹ̀.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè pín ṣúgà èso láti ìbí, oògùn olómi aládùn tí wọ́n fi sorbitol tàbí oyin sí lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ní àìsàn Wilson, kí ó yẹra fún fítámínì tí bàbà wà nínú rẹ̀. Bàbà ti pọ̀ jù lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti SS kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe irú àìsàn kan náà. Oògùn tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀, èyí tí èròjà irin kún inú rẹ̀, ni ìdílé kọ́kọ́ máa ń rà fún ọmọ SS tó rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra ní irin tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń jókòó sínú ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Folic acid ni tirẹ̀. Irin, àfi bí àyẹ̀wò bá sọ pé ó ní àìtó rẹ̀. Ọmọ SS sì lè ní àìtó G6PD pọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ẹ yẹ méjèèjì wò.

Àyẹ̀wò, ìgò, àti ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ọsibítù fásitì àti ilé àyẹ̀wò ńlá ń ṣe àyẹ̀wò G6PD. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, ẹ má ṣe é lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì gbà á gbọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó ti lọ, àwọn tuntun tí G6PD ṣì wà nínú wọn ló kù, ìwé yóò sì sọ pé kò sí ìṣòro. Ẹ dúró bí oṣù mẹ́ta. Bákan náà ni bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí yín lára. Obìnrin tó fẹ́ mọ̀, kí ó ní kí wọ́n ka iye rẹ̀ gan-an fún òun, kí wọ́n má kàn sọ pé ó wà tàbí kò sí.

Bí ìwé bá ti jáde, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú ilé, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì ọsibítù. Ẹ sọ fún olùkọ́ ọmọ. Ní kẹ́míìsì, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yín jẹ́ pé, "Ọmọ mi ní àìtó G6PD, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí bá a mu?" Ẹni tó bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ lọ sí kẹ́míìsì mìíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àfikún oúnjẹ, ẹ ka gbogbo èròjà rẹ̀. Ìgò tó bá kó orúkọ mẹ́wàá jọ, tó fún gbogbo wọn ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, láìsọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má rà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣe yín. Bí dókítà kò bá ní kí ẹ lò ó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó yẹn ì bá wúlò jù fún ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́.

Bí ìtọ̀ bá dúdú, ẹ dá ohun gbogbo tí ẹ ń lò dúró, tòun ti àgbo. Ẹ bu ìtọ̀ náà sínú ìgò tó mọ́, ẹ gbé e dání lọ sí ọsibítù pẹ̀lú gbogbo ike oògùn tí ẹ mu láàárín ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, kódà èyí tí ojú ń tì yín láti fi hàn. Ẹ sọ wákàtí tí ẹ mu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ sọ bí ibà bá wà, nítorí àìsàn tó mú ènìyàn, ibà tàbí òmíràn, lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ yìí láìsí oògùn kankan, dókítà sì nílò láti mọ èyí tó ń bá jà. Bí wọ́n bá fẹ́ gún yín ní abẹ́rẹ́ kan tàbí fa omi kan sí yín lára, ẹ sọ ti G6PD náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ lálẹ́ lè má gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún ti àárọ̀.